Ohùn Ta Ni Wọ́n Gbọ́? Ọ̀ràn Louise Brooks àti Ilé-iṣẹ́ Paramount

Ní oṣù kejì ọdún 1929, fíìmù méjì tí Louise Brooks, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, ṣe jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ fi Die Büchse der Pandora hàn ní gbọ̀ngàn Gloria-Palast ní Berlin. Fíìmù aláìsọ̀rọ̀ ni ìyẹn, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni The Canary Murder Case jáde ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì ń sọ̀rọ̀. Ojú Louise ló wà níbẹ̀, ẹnu Louise ló ń mì, ṣùgbọ́n òṣèré mìíràn, Margaret Livingston, ló ni ohùn tí àwọn èèyàn gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Paramount tó ni fíìmù náà wá tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé àwọn jẹ́ kí Louise máa lọ nítorí pé kò wúlò fún fíìmù olóhùn. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́.

Irọ́ ni. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ tó fi hàn pé irọ́ ni, apá kan nínú ẹ̀rí ọ̀hún sì ti ọwọ́ Paramount fúnra rẹ̀ wá. Ó yẹ kí a to ọ̀ràn náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé òun ló pinnu gbogbo ohun tí obìnrin yìí ṣe ní Yúróòpù, àti bí wọ́n ṣe gbà á nígbà tó padà sílé.

Ẹnu tó kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ

Wọ́n bí Louise Brooks ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1906 ní Cherryvale, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ijó ló gbé e kúrò nílé. Ní 1922, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tó lọ sí New York láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó Denishawn, ti Ruth St. Denis àti Ted Shawn. Martha Graham, tó di gbajúmọ̀ oníjó lẹ́yìn náà, wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n lé Louise. Ó jó lórí ìtàgé Broadway, ó jó ní Café de Paris ní London, ó di ọ̀kan lára àwọn oníjó eré ìtàgé Ziegfeld ní New York ní 1925, Paramount sì fún un ní ìwé àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún lọ́dún yẹn kan náà.

Ohun kan wà nínú àwọn ọdún New York wọ̀nyẹn tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ohùn rẹ̀ sábà máa ń fò. Louise mọ̀ pé bí òun ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ń fi òun hàn bí ọmọ ìgbèríko, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jókòó tì í láti yí i padà. Ọmọ yunifásítì kan tó ń ta ohun mímu nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Broadway ló ń bá a tún ọ̀rọ̀ pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ohùn Kansas fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí Paramount ní kò ṣeé gbọ́ yìí ti kọ́ ẹnu rẹ̀ ṣáájú kí fíìmù olóhùn tó gbòde.

Àdéhùn àti owó

Òṣèré tó wà lábẹ́ ìwé àdéhùn Hollywood nígbà náà ń gba owó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ní àwọn àkókò kan tí wọ́n ti kọ sínú ìwé náà, ilé-iṣẹ́ lè yàn láti tún un gbà pẹ̀lú àfikún owó, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Òṣèré kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò lè kúrò kí àkókò tó pé, kò sì lè ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn àfi bí àwọn tó ni ín bá yá a jáde. Bí Paramount ṣe yá Louise fún ilé-iṣẹ́ Fox nìyẹn, tó fi ṣe A Girl in Every Port fún Howard Hawks, fíìmù tó jáde ní 1928. Ipa rẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n fíìmù náà dé Jámánì, G. W. Pabst, olùdarí fíìmù níbẹ̀, sì wò ó.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1927 ni Warner Bros. gbé The Jazz Singer jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 1928 kí Paramount, MGM àti United Artists tó bá ilé-iṣẹ́ Western Electric tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀rọ ohùn. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn òṣèré, B. P. Schulberg tó jẹ́ ọ̀gá Paramount ní Hollywood sì rí àǹfààní nínú ẹ̀rù náà. Ó ń pè wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àdéhùn wọn ṣe ń tó àtúnṣe, ó ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ bí ohùn wọn yóò ṣe rí, nítorí náà kí wọ́n gbàgbé àfikún. Ọ̀pọ̀ wọn gbà. Nígbà tó kan Louise, dọ́là 750 ló ń gbà lọ́sẹ̀. Schulberg ní kó dúró lórí 750 rẹ̀ tàbí kó máa lọ. Louise ní òun ń lọ.

Ìgbà náà ni Schulberg tó mẹ́nu kan wáyà tí Pabst tẹ̀ láti Berlin: dọ́là 1,000 lọ́sẹ̀, kí ó wá ṣe Lulu, obìnrin tí ìtàn Die Büchse der Pandora dá lé. Pabst ti ń wá ẹni tí yóò ṣe ipa yìí tipẹ́, a sì gbọ́ pé Marlene Dietrich fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kí èsì Amẹ́ríkà tó dé. Louise parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú The Canary Murder Case, tí wọ́n yà láìgba ohùn, ó sì wọkọ̀ ojú omi.

Àárín òun àti Paramount ti bàjẹ́ lórí owó, kí ohùn rẹ̀ tó di ohun tí ẹnikẹ́ni ń bá a jà sí.

Berlin, ìparí ọdún 1928

Ilé-iṣẹ́ Nero-Film ti Seymour Nebenzal ló gbé owó kalẹ̀. Inú àwọn eré Frank Wedekind ni wọ́n ti mú ìtàn náà: Lulu, obìnrin tí gbogbo ọkùnrin ń fẹ́, tí kò sì mọ bí a ṣe ń ṣe àbòsí. Inú ọ̀pọ̀ ará Jámánì kò dùn pé ọmọ Amẹ́ríkà tí wọn kò mọ̀ rí ni Pabst fún ní ipa yìí.

Louise kò gbọ́ Jámánì. Pabst gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ sì ṣe ń lọ. Èdè Jámánì ni Pabst fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Bó bá yí sí Louise, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ náà a sì mọ níwọ̀n. Kì í to ìtàn odindi fún un. Kí kámẹ́rà tó yí, ó máa ń fún un ní ìmọ̀lára kan ṣoṣo tí yóò gbé lọ́kàn, bóyá ìbẹ̀rù tàbí ayọ̀, kò sì ní fi òmíràn kún un títí wọn yóò fi gba síìnì náà. Ara oníjó ló ń ṣe ìyókù. Fíìmù aláìsọ̀rọ̀ fún ọ̀nà yìí láyè gan-an: olùdarí lè sọ̀rọ̀ nígbà tí kámẹ́rà ń yí lọ́wọ́, òṣèré méjì lè máa sọ èdè méjì síra wọn, kò sì ní hàn. Kò sẹ́ni tó lè darí Louise bẹ́ẹ̀ níbi tí máìkì bá wà.

Pabst ń lo ohun tó bá bá nílẹ̀. Fritz Kortner, tó ṣe Dókítà Schön, ọkùnrin tó gbé Lulu níyàwó nínú ìtàn náà, kò fẹ́ rí Louise sójú. Kì í bá a sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá sí níwájú kámẹ́rà. Louise kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bó bá tó àkókò tí Schön yóò gbá Lulu mú, Kortner máa ń fún òun lápá débi pé àpá ìka rẹ̀ máa ń hàn lára òun. Pabst kò pẹ̀tù sí i. Ìkórìíra náà wúlò fún un. Òdìkejì ló ṣe fún síìnì ìkẹyìn ní London, níbi tí Jack tó ń fi ọ̀bẹ pa obìnrin ti pàdé Lulu. Louise fẹ́ràn Gustav Diessl tó ṣe Jack, Pabst sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣeré, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà yóò fi yí. Ìdí nìyí tí ìfẹ́ fi wà lójú àwọn méjèèjì nínú síìnì tó burú jù nínú fíìmù náà. Aṣọ tó wọ̀ níbẹ̀ náà, inú aṣọ tirẹ̀, èyí tó fẹ́ràn, ni Pabst ti mú un. Ó ní kí wọ́n fà á ya, kí wọ́n fi epo àti ìdọ̀tí pa á lára. Inú bí Louise gidigidi. Ó wọ̀ ọ́, ó sì rìn bí ẹni tí kò ní nǹkan kan mọ́ láyé, èyí tí Pabst ń wá gan-an.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn kan lára àwọn alárìíwísí Berlin ní obìnrin yìí kò ṣe nǹkan kan, pé kò jìyà lójú. Eré ìtàgé ni ojú wọn mọ́, níbi tí òṣèré ti ń yí ojú, tó ń na apá, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí i. Louise kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kámẹ́rà wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní àwọn ìlú mìíràn tún ba iṣẹ́ náà jẹ́: wọ́n gé ìfẹ́ tí obìnrin ọlọ́lá nì, Geschwitz, ní sí Lulu, ẹ̀dà kan sì wà tí Lulu kì í ti í kú, tó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìjọ ajíhìnrere. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yúróòpù fọwọ́ méjèèjì gba Louise Brooks lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún ó lé mẹ́fà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ìpè láti Paramount

Louise ti padà sí New York nígbà tí Paramount pè é. Wọ́n fẹ́ sọ The Canary Murder Case di fíìmù olóhùn, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Hollywood kíá. Ó ní òun kò wá. Wọ́n fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kò gbà. Wọ́n ní kí ó dárúkọ iye tó bá fẹ́. Kò dárúkọ kankan. Nígbà tó yá, ó tọwọ́ bọ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n lo àwòrán òun bó ṣe wù wọ́n, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé-iṣẹ́ kì í ṣèlérí owó tí kò ní gbèdéke fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dára. Wọ́n nílò rẹ̀, ohun tó sì fà á kò ju ẹ̀rọ lọ. Fíìmù aláìsọ̀rọ̀ kò ní eré ìyípo kan pàtó. Ẹni tó ń yí kámẹ́rà lè ya àwòrán 16 tàbí 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù olóhùn kò gba ìyẹn: àwòrán 24 ni, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé, nítorí pé bí eré rẹ̀ bá yẹ̀, ohùn á máa lọ sókè sódò. Bí wọ́n bá wá fi eré olóhùn yí àwòrán tí wọ́n yà nílọ̀ọ́ra, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa sáré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú fíìmù aláìsọ̀rọ̀, gbólóhùn méjì péré lè hàn ní kíkọ lójú aṣọ funfun fún ọ̀rọ̀ tí òṣèré fi ogún gbólóhùn sọ. Ètè tó ti mì báyìí kò bá ọ̀rọ̀ tuntun mu.

Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n tún àwọn síìnì rẹ̀ yà pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó kọ̀, Frank Tuttle, tó darí apá olóhùn lẹ́yìn Malcolm St. Clair tó darí ti àkọ́kọ́, kò ní ju ọgbọ́n méjì lọ. Ó lo Margaret Livingston láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́ níbi tí ojú kò ti ní hàn. Níbi tí ojú Louise ti gbọ́dọ̀ hàn, ó gbé ohùn Livingston lé e lẹ́nu. Iṣẹ́ líle ni èyí nígbà náà: obìnrin náà ní láti máa wo àwòrán, kó máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ètè ẹlòmíràn, bó bá sì jẹ́ orí àwo ni wọ́n ń gba ohùn sí, kò ṣeé gé, kò ṣeé lẹ̀, bó bá ṣì í, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tó yọ Paramount ni pé wọ́n ń pa Canary, obìnrin tí Louise ṣe, ní kùtùkùtù ìtàn náà. William Powell, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ló gbé ìyókù. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo fíìmù náà á rí i pé ẹnu àti ọ̀rọ̀ kò rìn pọ̀.

Owó tí wọ́n ná àti ìtìjú tó bá wọn ló bí ìròyìn tí wọ́n tàn kálẹ̀. Ó rọ wọ́n lọ́rùn láti sọ pé ohùn rẹ̀ ni kò dára ju kí wọ́n sọ pé òṣèré ẹni ọdún méjìlélógún kan ní òun kò ṣe mọ́.

Paris, àti ohùn kejì tí kì í ṣe tirẹ̀

Ní 1929, Louise tún kọjá sí Yúróòpù. Ó ṣe Tagebuch einer Verlorenen fún Pabst ní Jámánì, aláìsọ̀rọ̀ ni ìyẹn náà, ọ̀bẹ àwọn ìgbìmọ̀ sì tún kọjá lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe Prix de beauté ní Fáránsé. René Clair ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ kó darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọwọ́, Augusto Genina ará Ítálì sì gbà á ṣe.

Láìgba ohùn ni wọ́n ya fíìmù yìí, ìgbà tó yá ni wọ́n fi ohùn kún un, tó jáde ní 1930. Louise ṣe Lucienne, atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, tó wọlé ìdíje ẹwà, tó sì gba adé gbogbo Yúróòpù. Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Amẹ́ríkà kò lè sọ Faransé bí ọmọ Paris, nítorí náà Hélène Regelly ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì kọ orin rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti Hollywood pátápátá. Èdè ló fà á, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ba orúkọ Louise jẹ́.

Síìnì ìkẹyìn fíìmù náà ló yẹ kí ẹni tó mọ ọ̀ràn Canary wò dáadáa. Lucienne jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń wo fíìmù, ó ń wo ara rẹ̀ nínú ìdánwò olóhùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún un. Lójú aṣọ funfun níwájú, ó ń kọrin. Ọkùnrin náà yọ́ wọlé, ó yìnbọn fún un. Lucienne kú sórí ìjókòó, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń jó lójú rẹ̀, obìnrin tó wà lójú aṣọ kò sì dákẹ́ orin. Rudolph Maté àti Louis Née ló ya àwòrán rẹ̀. Ìtàn náà sọ pé obìnrin kan kú tí ohùn rẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n ohùn tó kù yẹn, ti Hélène Regelly ni. Nínú gbogbo fíìmù tí Louise Brooks ṣe ní Yúróòpù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn tirẹ̀ níbì kan.

Ẹ̀rí

Ní 1931, Louise sọ̀rọ̀ nínú fíìmù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ni God's Gift to Women, tí Michael Curtiz darí fún Warner. Ọ̀kan jẹ́ àwàdà kúkúrú tí Roscoe Arbuckle darí pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀ràn yìí, ni It Pays to Advertise. Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é? Paramount. Ta ló darí rẹ̀? Frank Tuttle, ọkùnrin tó gbé ohùn Livingston lé e lẹ́nu ní ọdún méjì ṣáájú. Ipa kékeré ni, ṣùgbọ́n Louise fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn náà sì mọ́, ó já gaara, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Nígbà tó di 1943, nǹkan ti le fún un, ó ṣiṣẹ́ nínú eré rédíò ní New York fún oṣù díẹ̀, níbi tí kò sí ojú, tí kò sí irun dúdú gígé tí àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ ohùn nìkan ni wọ́n ń sanwó fún.

Òtítọ́ tún ní apá kejì. Ilé-iṣẹ́ Columbia fẹ́ gbà á lẹ́yìn tó padà dé, wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, ó kọ̀. William Wellman fún un ní ipa nínú The Public Enemy. Ó kọ̀ ọ́, ó lọ sí New York, Jean Harlow sì gbà á. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ báyìí nígbà tí ìròyìn burúkú ti ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ wà nínú ìṣubú rẹ̀. A kò lè di gbogbo rẹ̀ ru Paramount. Ohun tí a lè dì rù wọ́n ni irọ́ nípa ohùn, nítorí pé irọ́ yẹn ló sọ orí kunkun di àbùkù ara.

Ìyókù kò gùn. Ó wọ gbèsè ní 1932. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn jáde ní 1938, Overland Stage Raiders, pẹ̀lú John Wayne, dọ́là 300 ni wọ́n sì san fún un. Lẹ́yìn ogun ó ta ọjà ní Saks Fifth Avenue, dọ́là 40 lọ́sẹ̀. Ní 1955, Henri Langlois ti Cinémathèque française, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú fíìmù ní Fáránsé, gbé àwòrán rẹ̀ ńlá kọ́ sẹ́nu ọ̀nà àfihàn ọgọ́ta ọdún fíìmù ní Paris, ó sì kéde pé kò sí òmíràn bí kò ṣe Louise Brooks. James Card, tó ń tọ́jú fíìmù ní George Eastman House, mú un wá sí Rochester ní 1956. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fíìmù tirẹ̀, tó sì ń kọ̀wé lórí fíìmù lọ́nà tí òṣèré díẹ̀ lè gbà kọ ọ́. Wọ́n kó àwọn ìwé náà jọ jáde ní 1982. Ó kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1985.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́, kí ó kọ́kọ́ wo The Canary Murder Case, kí ó máa ṣọ́ ibi tí obìnrin náà ti kẹ̀yìn sí kámẹ́rà láìnídìí. Kí ó wá wo Overland Stage Raiders. Irun rẹ̀ ti gùn níbẹ̀, ó lè má tètè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ tó láti fi gbọ́ ọ dáadáa. Ní ti Prix de beauté, ẹ̀dà aláìsọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà, Cineteca di Bologna sì ti tún un ṣe. Èyí ni kí ó wá, dípò ẹ̀dà olóhùn tó wọ́pọ̀, nítorí pé nínú rẹ̀, kò sí ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu Louise.